Òwú Ẹ̀yìn Fìlà Solvej

"Má fọwọ́ kàn án!" Jette ké láti ìdí ẹ̀rọ ìfọṣọ. "Ọjọ́rú ni ìdánwò rẹ máa parí. Ẹni tó bá dé fìlà ṣáájú ìdánwò ìkẹyìn, ó ti ba tirẹ̀ jẹ́ nìyẹn. Ṣé o fẹ́ fọwọ́ ara rẹ fa oríburúkú ni?"

"N kò dé e, Mọ́mì. Mo kàn ń wò ó ni."

"Ojú la fi ń wo nǹkan, a kì í fọwọ́ wò ó."

Ó ti pẹ́ jù. Solvej ti ṣí àpótí náà lórí tábìlì ìdáná, láàárín ife kọfí àti búrẹ́dì dúdú tó jẹ kù, ó sì ti gbé fìlà funfun tí àwọn tó bá jáde girama máa ń dé jáde. Ó rẹwà lóòótọ́. Ọ̀já tó yí i ká pọ́n bí ọtí wáìnì, etí iwájú rẹ̀ tó nà síta dúdú, ó ń dán. Solvej yí i padà láti wo ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n máa ń fi òwú kọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ sí. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n fi òwú aláwọ̀ wúrà kọ ni: Dókítà Solvej.

"Mọ́mì, kí lèyí?"

"Kí ni kí ni?"

"Ta ni dókítà?"

Jette jáde wá, aṣọ tútù kún apá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí àṣírí ayọ̀ rẹ̀ tú kí àkókò tó tó. "Mo fẹ́ kó bá ọ lójijì lọ́jọ́ náà ni. Ó dáa, o ti rí i. Ṣé ó wù ọ́?"

"Èmi kì í ṣe dókítà."

"O máa dà á."

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Solvej, òun nìkan sì ni Jette bí. Bàbá rẹ̀ ti kó lọ sí Norway látijọ́, káàdì ọjọ́ ìbí nìkan ló ń rántí fi ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ girama nílùú Nykøbing ni ọ̀sẹ̀ yìí, gbogbo ìdánwò tó sì ti ṣe láti ọdún tó kọjá, méjìlá ló ń gbà, kò sì sí máàkì tó ga jù ú lọ. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa ní erékùṣù Mors níbí, àti ní gbogbo Denmark pátá, a ti gbà pé ẹni tó bá ní méjìlá gbọ́dọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń béèrè méjìlá. Bó bá lọ kọ́ ẹ̀kọ́ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, a ó ní ó fi máàkì ṣòfò, a ó sì máa wò ó bí ẹni tó da odidi garawa mílíìkì sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń ta ẹja létí omi, èmi pàápàá ti sọ ọ́ sí ọmọ ọlọ́mọ rí. Ìwà òmùgọ̀ ni, kò sì sí ẹni tó ń dá wa lẹ́kun rẹ̀.

Ohun tó wu Solvej ni ìmọ̀ ilẹ̀ àti òkúta, ní yunifásítì Aarhus. Gbogbo ẹni tó bá sì béèrè ni wọ́n ń gbà síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, Jette ti jókòó tì í nídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n jọ kọ ìwé ìwọlé: ìmọ̀ ìṣègùn ní Aarhus lákọ̀ọ́kọ́, ìmọ̀ ìṣègùn ní Odense lẹ́ẹ̀kejì, ìmọ̀ ìṣègùn ní Copenhagen lẹ́ẹ̀kẹta. Títí di aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje, akẹ́kọ̀ọ́ lè yí i padà bó ṣe wù ú. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó bá wà níbẹ̀ ló wà níbẹ̀. Solvej jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń dáhùn "ó dáa, Mọ́mì, ó dáa, Mọ́mì" bí ẹ̀rọ. Inú ara rẹ̀ ń bí i títí di òní.

"Mo ti sọ fún yín pé òkúta ni mo fẹ́ kà," ó wí.

"Òkúta!" Jette da aṣọ tútù náà sórí àga. "Kí lo fẹ́ fi òkúta ṣe? Ṣé wàá jẹ ẹ́ ni? Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń gbé àwọn arúgbó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, tí mo ń gbé wọn padà. Ẹ̀yìn mi ti ṣe tán. Ṣé kí ọmọ mi lè máa ṣa òkúta kiri etí omi ni?"

"Èmi kọ́ ni mo ní kí ẹ gbé wọn."

Bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ ló ti kábàámọ̀ ọ. Jette kò pariwo. Ó fa àga náà, ó jókòó sórí aṣọ tútù láìmọ̀.

"Dókítà kan ń wá sí ilé ìtọ́jú arúgbó wa ní gbogbo Ọjọ́bọ̀," ó wí. "Ọdún mẹ́fà rèé. Kò mọ orúkọ mi. Á dúró síwájú mi, á máa bá ògiri tó wà lẹ́yìn mi sọ̀rọ̀. Ṣé o gbọ́? Ògiri!"

"Torí ẹ̀ lẹ ṣe fẹ́ kí èmi náà lọ máa bá ògiri sọ̀rọ̀?"

"Kí ìwọ lè mọ orúkọ wa ni!" Jette dìde, gbogbo ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀ tutù. "Gbé fìlà yẹn padà sínú àpótí. Mi ò fẹ́ gbọ́ òkúta mọ́ nínú ilé yìí títí ìdánwò á fi parí."

Solvej gbé e padà. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó kọjú sí àríwá erékùṣù, lọ sọ́dọ̀ Ejnar, bàbá ìyá rẹ̀.

Ogójì ọdún ni Ejnar fi wa amọ̀ létí òkè Hanklit. Amọ̀ ibẹ̀ fúyẹ́, ó mọ́ ròrò, àwọn ìlà dúdú sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Eérú ni ìlà wọ̀nyẹn, tí àwọn òkè oníná tí kò sí mọ́ tú sínú òkun nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé ayé. Láti kékeré ni Solvej ti ń ka ìlà wọ̀nyẹn pẹ̀lú rẹ̀. Bí àwọn ọmọ mìíràn ṣe mọ orúkọ agbábọ́ọ̀lù ló ṣe mọ nọ́ńbà ìlà eérú.

Ó bá a lórí àpótí ẹja tó dojú rẹ̀ dé, ó ń fi òòlù kékeré kan òkúta pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kan létí.

"Bàbá àgbà, mo ti rí ọ̀nà àbáyọ."

"Kí ló há ọ mọ́?"

"Ìmọ̀ ìṣègùn. Ẹ gbọ́. Físíìsì ló kù lọ́jọ́rú, ìdánwò àfẹnusọ. Mi ò ní dáhùn. Wọ́n á fún mi ní méjì, bí wọ́n bá ṣàánú mi, mẹ́rin. Àròpín máàkì mi á já, àwọn oníṣègùn ò ní gbà mí mọ́, ọ̀rọ̀ á sì parí láìsí ìjà."

Ejnar kan òkúta náà lẹ́ẹ̀mejì. Kò là. "Ọgbọ́n ńlá."

"Ẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Rárá o. Ìyá rẹ á gbà pé o gbìyànjú, o sì ṣubú. Á sunkún díẹ̀, á gbàgbé. Ìwọ náà á máa rìn kiri Aarhus bí ẹni tó ṣubú. Wọ́n á ní, 'Ó ṣe é, ẹ jẹ́ ká fi òkúta tù ú nínú.' Gbogbo wa á jọ máa ṣàánú rẹ. Ó dùn mọ́ mi."

"Bàbá àgbà!"

"Kí ni mo sọ tó burú? Ìwọ lo gbé e wá." Ó gbé òòlù sílẹ̀ wàyí, ó sì wo ojú rẹ̀. "Kíláàsì keje ni mo kàwé dé. Wọ́n ní kí n lọ wa amọ̀, mo lọ. Kì í ṣe pé amọ̀ burú. Ṣùgbọ́n mi ò ní nǹkan kan lọ́wọ́ tí mo lè fi sọ pé rárá, tí ẹnì kan á gbọ́. Ìwọ ní in. Wàá wá gbé e jù sódò nítorí pé ẹ̀rù ìyá rẹ ń bà ọ́?"

"Ẹ̀rù ò bà mí."

"Ó dáa. Gba méjìlá rẹ, kó o wá sọ fún un pé o ò lọ."

"Ẹ bá mi sọ fún un."

"Èmi kẹ̀?" Ejnar rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Jette! Ṣé ó ti gbọ́ tèmi rí ni? Bọ́ síbẹ̀ fúnra rẹ."

Inú bí Solvej débi tí kò fi kí i pé ó dàbọ̀. Nígbà tó délé, ó ti pinnu: kò ní dáhùn. Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣàánú máa ṣàánú.

Lọ́jọ́rú, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ó wọ yàrá ìdánwò. Àwọn ìwé pélébé tí wọ́n kọ ìbéèrè sí dojú bolẹ̀ lórí aṣọ aláwọ̀ ewé tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì. Ó fa ọ̀kan. Ìgbì ni wọ́n kọ sí i. Wọ́n fún un ní ìdajì wákàtí láti múra sílẹ̀, ó sì fi gbogbo rẹ̀ ya ẹja sórí ìwé.

Henning, olùkọ́ físíìsì rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, jókòó sí apá kan, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ yangàn. Olùdánwò tó ti Viborg wá jókòó sí apá kejì, obìnrin kan tó ti dígí ojú rẹ̀ sórí irun.

"Ó yá, Solvej," Henning wí. "Sọ̀rọ̀ nípa ìgbì fún wa."

Solvej kò sọ nǹkan kan.

Aago ara ògiri ń dún. Henning dẹ́kun ẹ̀rín. "Ṣé ara rẹ yá?"

"Ara mi yá."

"Kí ni ìgbì?"

Kò dáhùn. Obìnrin náà fa dígí sọ̀kalẹ̀ sójú, ó wò ó tàánútàánú, ó sì rọra fọwọ́ lu tábìlì. "Má mikàn, ọmọ mi. Àwọn mìíràn wà tí irú nǹkan báyìí kọjá agbára wọn. Kò sóhun tó burú níbẹ̀." Ó kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sínú ìwé rẹ̀.

Ká ní ó bú u ni, ì bá sàn. Àánú yẹn wọ Solvej lára bí omi tútù. Ó rí i pé Ejnar tọ̀nà, ìyẹn gan-an sì tún bí i nínú. Ó dìde.

"Níbo ni ṣọ́ọ̀kì wà?"

Ó ya ilẹ̀ ayé sára pátákó, ó gé e sí méjì bí àlùbọ́sà. Ó ní tí ilẹ̀ bá mì níbì kan, ìgbì rẹ̀ á gba inú ayé kọjá, á yára níbi tó le, á fà níbi tó rọ̀, irú ìgbì kan a sì máa kú sínú ohun tó bá yọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni a ṣe mọ inú ayé, láìsí ẹni tó gbẹ́ ihò débẹ̀ rí. Ó kọ ìṣirò rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó pa àṣìṣe kan rẹ́ fúnra rẹ̀, ó tún un kọ. Obìnrin ará Viborg bi í ní ìbéèrè kan, Solvej dá a lóhùn, ó sì fi ìbéèrè tirẹ̀ tẹ̀ lé e, èyí tí obìnrin náà kò rí dáhùn. Henning ní láti gbé ọwọ́ sókè kó tó dákẹ́.

Wọ́n ní kó bọ́ síta. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí wọ́n fi pè é padà.

"Méjìlá," obìnrin náà wí. Ó ti ń pa ohun tó kọ́kọ́ kọ rẹ́.

Jette ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú òdòdó, àsíá kékeré àti fìlà. Nígbà tó gbọ́ iye náà, ó kígbe débi tí wọ́n fi ṣílẹ̀kùn yàrá kejì láti bẹ̀ ẹ́ pé ìdánwò ń lọ lọ́wọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dé fìlà fún ọmọ rẹ̀, bó ṣe yẹ kí ìyá ṣe é. "Dókítà mi!" Àwọn òbí yòókù pàtẹ́wọ́. Wọ́n ya fọ́tò, Solvej rẹ́rìn-ín sí i. Ó ti ní ohun tó máa fi kọ̀ báyìí, àmọ́ kò tíì rí ẹnu sọ ọ́. Ojú ara rẹ̀ ń tì í.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, gbogbo kíláàsì gun ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n fi ẹ̀ka igi tútù ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Àṣà wa nìyí: ọkọ̀ náà á dé ilé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, á fun fèrè, wọ́n á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á jẹ, wọ́n á mu, òbí á sọ̀rọ̀ ìwúrí, lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú wọ́n á tún gùn ún. Ilé kẹje ni ti Solvej.

"Dókítà!" Asger pè é láti ìdí ẹ̀ka igi. Láti ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n ti jọ ń bọ̀. Asger kò tíì mọ ohun tó fẹ́ kọ́, ó sì ń sùn dáadáa. "Dókítà, ìka ẹsẹ̀ ń dùn mí o!"

"Tó o bá tún pè mí bẹ́ẹ̀, màá gé e."

"Ẹ ò rí i, dókítà gidi ni! Gígé ló kọ́kọ́ rò!"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Solvej kò rẹ́rìn-ín. Asger fara balẹ̀ wo ojú rẹ̀, ó sún mọ́ ọn. "Kí ló dé?"

"Fún mi ní ọ̀bẹ ara kọ́kọ́rọ́ rẹ yẹn."

"Àwàdà ni mo ń ṣe o, Solvej. Mo nílò ìka mi."

"Mú un wá, jàre."

Láàárín ilé kẹfà sí ìkeje, bí ọkọ̀ ṣe ń gbọ̀n tí àwọn yòókù ń kọrin, ó yí ẹ̀yìn fìlà síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú òwú. Ó gún ara rẹ̀ níka, ó fẹnu fa ẹ̀jẹ̀ náà, ó ń bá a lọ. Asger di fìlà mú fún un kó má baà mì. Dókítà jáde ní ẹyọ ẹyọ, afẹ́fẹ́ gbé e lọ. Solvej nìkan ló ṣẹ́ kù, àti àwọn ihò abẹ́rẹ́ wínníwínní níwájú orúkọ rẹ̀.

Àsíá tí a máa ń ta lọ́jọ́ ayọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀ ti ń fẹ́ lórí òpó nígbà tí wọ́n délé. Jette ti tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì níta: sọ́séèjì gbígbóná, sitirọ́bẹ́rì, bíà tútù. Ejnar wọ kóòtù ìgbéyàwó rẹ̀ àtijọ́. Àwọn obìnrin mẹ́rin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú ti sáré wá nígbà ìsinmi tòun ti aṣọ iṣẹ́ lára. Jette gun àpótí ìjókòó ìdáná.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé mi ò lọ́rọ̀ lẹ́nu," ó wí. Àwọn obìnrin mẹ́rin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ dákẹ́! Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni mo ní. Ọdún mẹ́fà sí i, ẹni tó máa wọlé sí wa lọ́jọ́bọ̀, ọmọ mi ni. Tó bá wọlé, ojú wa ló máa wò. Orúkọ wa ló máa fi pè wá." Ohùn rẹ̀ já. "Ó tán."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà nu ojú. Ọ̀rọ̀ yẹn dun Solvej dé egungun, nítorí òdodo ni. Bí Jette ṣe sọ̀ kalẹ̀ ni Solvej gun àpótí náà kí àtẹ́wọ́ tó parí.

"Karin," ó wí, ó ń tọ́ka sí wọn. "Bodil. Anne-Grethe. Gitte. Láti ìgbà tí mo ti ga tó tábìlì yìí ni mo ti mọ orúkọ yín. Mi ò ní láti di dókítà kí n tó mọ̀ ọ́n. Dókítà tí kò mọ̀ ọ́n, ìwà rẹ̀ ni kò dáa. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀." Ó mí. "Mo ní méjìlá. Mo lè wọlé sí ìmọ̀ ìṣègùn lọ́la. Mi ò lọ. Òkúta ni mo fẹ́ kà, ní Aarhus, níbi tí wọ́n ti ń gba gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé mo fi máàkì ṣòfò, èmi ni mo ṣiṣẹ́ fún máàkì náà."

Ejnar ń wo bàtà rẹ̀, ẹ̀rín ń mi èjìká rẹ̀ díẹ̀. Asger, tí sọ́séèjì kún ẹnu rẹ̀, pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó wo yíká, ó dáwọ́ dúró.

Jette sún mọ́ ọmọ rẹ̀. Ó rọra sọ̀rọ̀. "O ò lè dúró kí wọ́n lọ? Ojú àwọn tí mò ń bá ṣiṣẹ́ rèé."

"Ẹ̀yin náà ò dúró, Mọ́mì. Orí mi lẹ kọ ọ́ sí."

Jette nawọ́, ó yọ fìlà lórí rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò pa ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà tẹ́lẹ̀. "O ti dá a lu," ó wí.

"Mo mọ̀."

"Mi ò ní pàtẹ́wọ́ fún ọ."

"Ẹ má pàtẹ́wọ́."

Jette tún fìlà náà dé fún un, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọkọ̀ fun fèrè. Solvej gùn ún láìjẹ nǹkan kan. Láti òkè, ó rí ìyá rẹ̀ tó kẹ̀yìn sí gbogbo èèyàn, tó ń lọ tààrà sídìí òpó àsíá.

"Ó fẹ́ sọ àsíá kalẹ̀," Asger wí. Ní ọ̀sán gangan, lójú aládùúgbò! Èmi tó ń sọ ìtàn yìí pàápàá ò rí irú rẹ̀ rí lọ́dọ̀ wa.

"Kó sọ ọ́ kalẹ̀," Solvej wí.

Ó mú fóònù jáde, ó ṣí ìwé ìwọlé náà. Ó pa Copenhagen rẹ́. Ó pa Odense rẹ́. Ó pa ìmọ̀ ìṣègùn Aarhus rẹ́, ó sì kọ ìmọ̀ ilẹ̀ àti òkúta síbẹ̀, òun nìkan ṣoṣo, láìsí ìkejì. Ẹ̀rọ náà bi í bóyá ó dá a lójú. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni, ó fọwọ́ sí i, kó tó gbójú sókè.

Ọkọ̀ ti ń yí kọ́nà. Jette ṣì wà nídìí òpó. Okùn àsíá ti dẹ̀ látàrí afẹ́fẹ́, ó ń gbá ara òpó. Jette fà á le, ó so ó, ó tún so ó lẹ́ẹ̀kejì, ó sì padà lọ kó àwo lórí tábìlì.